Ìpè Kan, Ìdáhùn Kan

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọwọ́ mi le jù, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ Praimárì Wáànù fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan péré, mi ò ní kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó dúró síwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n kún inú yàrá fọ́fọ́, kí èyí máa sunkún nítorí pẹ́ńsùlù, kí tọ̀hún ti tọ̀ sára, kí ẹnì kan ti ki ìlẹ̀kẹ̀ sí ihò imú, kó wá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ." Wọ́n á jẹ ẹ́ níyà. Èmi Bùsáyọ̀, ìyá Mofẹ́olúwa, mo ti ń ṣe tíṣà ní ìlú Bìní yìí láti ìgbà tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì tó wà ní Ugbowo, mo sì mọ ohun tí mò ń wí.

Iléèwé wa wà ní ẹ̀yìn Ekenwan Road, téèyàn bá ti kọjá bárékè àwọn ṣọ́jà díẹ̀. Fèrèsé ẹ̀yìn kíláàsì mi kọjú sí yàrà àtijọ́ tí àwọn baba ńlá àwọn ará Bìní gbẹ́ yí ìlú ká. Igbó ti bò ó, ọparun ti hù nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń da ìdọ̀tí sí i. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé inú yàrà ni nǹkan kan ti jáde wá. Ní Èjìgbò tí wọ́n bí bàbá mi sí, nǹkan tí a ò rí máa ń pe èèyàn lórúkọ níbẹ̀ náà, kò sì sí yàrà kankan nítòsí. Ibi tí fèrèsé kọjú sí ni mò ń sọ.

Madam Osaretin tó ni iléèwé ló rán wa lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n ní tíṣà tó bá ń pariwo, kíláàsì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú wá àmì kan tí àwọn ọmọ á máa tẹ̀lé. Àwọn kan mú àtẹ́wọ́, àwọn kan mú agogo. Èmi mú ìpè. Orúkọ òfin mi ni Ìpè Kan, Ìdáhùn Kan. Bí mo bá ti pe orúkọ rẹ, ibi yòówù kó o wà, ohun yòówù kí ọwọ́ rẹ máa ṣe, wàá nà ró ṣánṣán, wàá gbé àgbọ̀n sókè, wàá dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Yes, Auntie!" O ò gbọdọ̀ wò yíká. O ò gbọdọ̀ bèèrè pé ta ló pè ọ́. Ẹni tó bá dáhùn kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo máa lẹ ìràwọ̀ kan síwájú orúkọ rẹ̀ lára páálí ògiri.

Háà, ó ṣiṣẹ́! Àwọn tíṣà tó kù ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wá wò wá. Mo lè wà nílé ìdáná iléèwé kí n pe ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, ìdáhùn á wá ṣáá. Ọmọ tèmi gan-an, Mofẹ́olúwa, wà nínú kíláàsì náà, torí Praimárì Wáànù kan ṣoṣo la ní, òun ló sì ní ìràwọ̀ jù. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà yára ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, èmi àtòun nìkan la jọ ń gbélé, kò sì sóhun tó fẹ́ láyé ju kí n yìn ín lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò ní ìràwọ̀ rárá, Èyítọ́pẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Ugbor. Tí mo bá pè é, á dìde, á rìn wá títí tá a fi rí ara wa lójú kòrókòró, ìgbà yẹn ló tó máa dáhùn. Ó ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Èyítọ́pẹ́, ṣé odi ni ọ́ ni?"

Ó ní, "Grandma say make I no answer person wey I never see."

Mo pòṣé. Ìyá tèmi náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní kékeré: tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ yín tẹ́ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn o, ẹ ò mọ ẹni tó ń pè. Ọmọ Yorùbá wo ni wọn ò kọ́ nírú ìyẹn? Àmọ́ iléèwé lèyí, kì í ṣe oko. Mo sọ fún un pé nínú kíláàsì mi, èmi nìkan ló ń pe èèyàn, kó lọ jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àkòrí wa ni Etí Wa. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ohun gbogbo tá a bá fi kọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan, ìṣirò ni o, orin ni o, àwòrán ni o, á máa yí ká ọ̀rọ̀ kan. Mo gé etí ehoro láti ara páálí, mo dè é mọ́ gbogbo wọn lórí. Mo da ìrẹsì sínú ìgò ike, mo da ẹ̀wà sínú òmíràn, mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sínú àwọn yòókù, mo fi bébà wé wọn, mo ní kí wọ́n máa mì wọ́n kí wọ́n fi etí wá èyí tó bá ara wọn mu. Inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn. Iṣẹ́ yìí máa ń dùn tó bá ń lọ dáadáa, ká sòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la ṣe eré Ta Ló Pè Mí. Ọmọ kan á jókòó láàárín, á kẹ̀yìn sí wa, á di ojú. Màá na ìka sí ẹlòmíì, onítọ̀hún á yí ohùn padà, á pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó di ojú á dáhùn, á sì sọ ẹni tó pè é. Tèmidire ló kọ́kọ́ jókòó, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí tó máa ń mu ìka, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Mo na ìka sí Láolú. Láolú ṣì ń fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á, kò tíì sọ nǹkan kan. Tèmidire nà ró ṣánṣán, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Yes, Auntie!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tèmi, ta ló pè ọ́?"

"Na you, Auntie."

"Èmi kọ́. Mi ò la ẹnu."

"Na you. You call me from outside." Ó ṣì di ojú. Ó na ìka sí fèrèsé ẹ̀yìn láìwo ibẹ̀.

Mo wo fèrèsé. Ọparun ń mì díẹ̀díẹ̀, ajá kan ń tú ìdọ̀tí nínú yàrà. Mo ní ọgbọ́n ọmọdé ni, ìràwọ̀ ló ń wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fún un.

Nígbà tá a jáde, ìyá Tèmidire ti dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ báǹkì lọ́rùn. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń fi ìka ẹsẹ̀ ya nǹkan sórí iyanrìn, kò gbé orí sókè. Ó tún pè é. Ó pè é débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà lójú títì ń wẹ̀yìn. Mo ní, "Tèmi, ṣé o ò gbọ́ ni? Mọ́mì ń pè ọ́."

Kíá ló dáhùn, "Yes, Auntie!" Ó yíjú, ó rí ìyá rẹ̀, ó sáré lọ dì mọ́ ọn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ ti kọ́ ọ débi pé ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ báyìí?" Ó fi rẹ́rìn-ín ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní láti àná lòun ti ń pe ọmọ òun, kò gbọ́. Bàbá rẹ̀ pè é, kò gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Tí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á wá jẹun. Àmọ́ tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀, bíi pé wọn ò sọ nǹkan kan ni. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí nírọ̀lẹ́ àná, dókítà ní etí ọmọ náà le koko. "Àǹtí Bùsáyọ̀, ẹ dákun, kí lẹ ṣe fún un?" Ìbéèrè yẹn dùn mí. Mo dá a lóhùn pé èmi ò ṣe nǹkan kan fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Mi ò fi ti ìyẹn pa iṣẹ́ tì. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, mo ní kí gbogbo wọn di ojú, kí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, kí oníkálukú sọ ìró tó bá gbọ́. Ẹnì kan ní jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan ní àkùkọ. Ẹnì kan gbọ́ fèrè àwọn ṣọ́jà láti bárékè. Mofẹ́olúwa ní òun gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi. Inú mi ń dùn sí wọn nígbà tí Láolú nà ró níbi tó jókòó sí.

"Yes, Auntie!"

Iwájú wọn ni mo dúró sí, ètè mi pa dé. "Láolú, ta ló pè ọ́?"

"You, Auntie. You say, 'Láolú, o dà?'"

Ẹ gbọ́, bí mo ṣe máa ń pè é gan-an nìyẹn. Ọmọ yẹn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì, bí mo sì ṣe máa ń wá a nìyẹn, "Láolú, o dà?" Ta ló wà nínú yàrà tó mọ ìyẹn? Mo sún mọ́ fèrèsé. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ eṣinṣin. Mi ò gbọ́ ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá Láolú fóònù mi. Kí n tó gbé e ni mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Madam Osaretin. Mo ní ẹ jẹ́ ká ti kíláàsì yẹn, ẹ jẹ́ n lọ máa kọ́ wọn níwájú, lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ní àrùn etí ló ń jà nílùú. Ó ní àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iléèwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kíláàsì mi lòun fẹ́ fi ṣe fáàrí, ìgbà yìí ni mo wá fẹ́ kó ọmọ lọ sábẹ́ igi. "Auntie Busayo, go and rest." Mo dúpẹ́, mo jáde. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Lásìkò ìsinmi, mo jókòó ti Èyítọ́pẹ́, ó ń jẹ pọ́fù-pọ́fù. Mo ní, "Èyítọ́pẹ́, ṣé wọ́n ti pe ìwọ náà rí?"

"Every day," ló wí. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì tún gé pọ́fù-pọ́fù rẹ̀ jẹ.

"Ohùn ta ni wọ́n fi ń pè ọ́?"

"Your own. I go go window look. Nobody dey. So I no answer."

"Nílé ńkọ́?"

"E dey call me for Grandma house too. E dey follow person."

"Tèmidire àti Láolú ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń pè wọ́n?"

Ó mi orí. "No o. If dem don answer that name, e don finish. E no go call am again." Ó nu òróró ẹnu rẹ̀ nù sí apá aṣọ. "Now na Mofẹ́ e dey call. She never hear am well. E still far small."

Olúwa mi! Mo dìde. Mo wo ọmọ mi lápá ọ̀hún, ó ń fo okùn pẹ̀lú etí ehoro lórí. Mo rò ó pé kí n gbé e sá lọ sí Èjìgbò lọ́jọ́ náà. Kí ni mo fẹ́ sá fún? Ohun tó ń tẹ̀ lé ọmọdé dé Ugbor, ṣé kò ní mọ ọ̀nà Èjìgbò ni?

Mo wọlé, mo fa páálí ìràwọ̀ ya kúrò lára ògiri. Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo ní òfin tuntun ti dé: ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá pè ọ́, wá mi wá. Tó ò bá tíì rí ojú mi àti ẹnu mi, má dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yes, Auntie! Yes, Auntie!" Bí ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú iná. Ohùn Mofẹ́olúwa ló ròkè jù. Mo tún sọ ọ́, mo tún dán wọn wò, ohun kan náà ni. Ohun tí mo fi ìràwọ̀ kọ́ wọn látọjọ́ yìí wá, mi ò lè fi ẹnu lásán yọ ọ́ kúrò lára wọn. Èyítọ́pẹ́ nìkan ló rìn wá bá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wo ojú mi, ó ní, "Yes, Auntie."

Nílé, mo wà ní kíṣìn-ín, mo pe ọmọ mi. Ó dáhùn láti yàrá. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, èmi ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Mo ní, "Mofẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má dáhùn tó ò bá rí mi."

Omi lé sójú rẹ̀. "But Mummy, you said first call. You said I'm the best."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé e mọ́ra, mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá ti gbé orí sókè báyìí, màá ti dìde lọ bá a.

Ọ̀sán ọjọ́ tá a parí àkòrí náà ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ. Mò ń ja àwọn àwòrán etí kúrò lára ògiri, Mofẹ́olúwa ń kó àwọn ìgò ike sínú agbọ̀n, mi ò sì jẹ́ kó jìnnà sí mi. Mò ń gbọ́ bí ìrẹsì ṣe ń ró nínú ìgò ọwọ́ rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Lójijì ni mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo yíjú. Ọmọ mi ti nà ró ṣánṣán, ó ti ń gbé àgbọ̀n sókè.

Mi ò mọ bí mo ṣe kọjá tábìlì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó bá mi jà. Ọmọ tí kì í janpata rárá, ó fi eyín gé mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere sí fèrèsé. Ẹ̀rù kọ́ ló wà lójú náà o, ayọ̀ ni, irú ayọ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ tí mo bá fẹ́ lẹ ìràwọ̀. Mo ń fi ọwọ́ mi gbọ́ bí ìdáhùn yẹn ṣe ń gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀. Mo ń pariwo, "Mofẹ́, wò mí! Wojú mi! Èmi nìyí!" Kò wò mí. Báwo ló ṣe fẹ́ wò mí? Ṣebí èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ wò yíká.

Ó tún nà ró lábẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n ti pè é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo mọ̀ pé mo lè di ẹnu rẹ̀ mú lónìí. Lọ́la ńkọ́? Tó bá wà ní balùwẹ̀ ńkọ́? Tó bá di ọmọge tó lọ sí yunifásítì ńkọ́? Èyítọ́pẹ́ ní bí wọ́n bá ti dáhùn orúkọ náà, ó ti parí. Kò sọ pé ta ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo kọjú sí yàrà, mo nà ró, mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo fi gbogbo ẹ̀mí mi pariwo: "Yes, Auntie! Mofẹ́olúwa nìyí! Èmi ni Mofẹ́olúwa!"

Ọparun tó ń mì dúró jẹ́ẹ́. Ajá inú yàrà gbé orí sókè, ó wò mí, ó sì rìn lọ. Ọmọ mi rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Mummy, your hand is paining me."

"Ṣé ó ṣì ń pè ọ́?"

"Nobody is calling me."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún. Mo fò sókè nínú kíláàsì bí ọmọdé. Ẹ wò ó, mo rò pé mo ti jẹ wọ́n láyò ni. Orúkọ ẹlòmíì ni mo fi dáhùn, ta ni wọ́n fẹ́ mú? Mo di ẹrù wa, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, mo ní ó parí nìyẹn.

A jáde sójú títì láti wọ kẹ̀kẹ́. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Mò ń na ọwọ́, mò ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà pé kó wọlé wá sétí gọ́tà dáadáa. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nà mí nídìí. "Madam! You no dey hear? Na your pikin dey call you since!"

Mo yíjú. Mofẹ́olúwa dúró lódì kejì gọ́tà, bàtà rẹ̀ kan ti há sínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Mo rí i kedere pé "Mọ́mì" ni ètè rẹ̀ ń wí, ó sì tún wí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbọ́ họ́ọ̀nù. Mo gbọ́ fèrè àwọn ṣọ́jà. Mo gbọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ta lórí ayanran. Obìnrin yẹn ṣì ń bú mi, mo gbọ́ gbogbo èébú náà pátá. Ohùn ọmọ mi ni mi ò gbọ́.

A ti kó kúrò nílé tá à ń gbé tẹ́lẹ̀, Ugbor la wà báyìí, mo sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Tèmidire kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mofẹ́olúwa ti kọ́ bó ṣe máa fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Tó bá ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Tó bá ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí," ebi tó ń pa á nìkan ni màá gbọ́, "Mọ́mì" tó ṣáájú á ti sọnù. Wọn ò pè é mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í, ó sì máa ń ní rárá. Mo dúpẹ́. Ẹ má rò pé mi ò dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, màá tún un ṣe.

Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni mo fi dáhùn. Orúkọ tèmi ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ún.

Lọ́sàn-án àná, a jókòó kojú síra wa, à ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Oúnjẹ kún ẹnu Mofẹ́olúwa. Ẹnì kan pè mí láti inú yàrá.

"Mọ́mì."

Ohùn ọmọ mi ni. Ohùn rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń fi pè mí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò lè mọ ohun tí ìpè yẹn jẹ́ àfi tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín. Omi dà lójú mi pẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, mò ń wò ó, ó ń jẹun níwájú mi. Síbẹ̀ ẹnu mi ń là fúnra rẹ̀. Mo ti ń nà ró lórí àga.

Mofẹ́olúwa wo ojú mi. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó yí tábìlì po wá bá mi, ó na apá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gírígírí. Wọ́n tún pè mí, "Mọ́mì, ẹ dà?" Ọmọ mi fi ọwọ́ kejì kún un. Ọwọ́ rẹ̀ kéré. Kò bo ẹnu mi tán.